Igi Obì Tó Mú Ìwé Dání Wọ Libreville

Ẹ fún mi láyè díẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ròyìn ohun tójú mi rí nítorí igi obì kan ṣoṣo. Bí ẹ bá ti wá sílé mi rí ní Nkembo, àdúgbò wa ní Libreville, ẹ mọ igi tí mò ń wí. Òun ló wà lẹ́yìnkùlé, tí ẹ máa ń gbé àga sí abẹ́ rẹ̀, tí ẹ máa ń dọ́gbọ́n ṣa obì rẹ̀ sápò. Mo ń rí yín o! Mo kàn ń dákẹ́ ni.

Igi yẹn kò ṣàdédé hù síbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ló wọ̀ wá. Ìwé tó sì mú dání níyì ju ti èmi tí mo gbé e wá lọ.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí ẹ mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ẹ̀rù kakí máa ń bà mí. Kì í ṣe ti sójà tàbí ti ọlọ́pàá nìkan o, ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ kakí! Ẹni tó ń pín lẹ́tà lásán bá kọjá, àyà mi á já. Ní Ṣàgámù tí wọ́n ti bí mi, àwọn wolé-wolé ló kó ẹ̀rù náà bá mi. Bí wọ́n bá ti yọ lójú ọ̀nà pé àwọn ń bọ̀ wá yẹ ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, inú ilé adìẹ ni mo máa ń sá sí. Mo sì ti ń fá irùngbọ̀n nígbà náà!

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, òmìnira ṣì tutù yọ̀yọ̀. Gabon gba tiwọn, kò pẹ́ táwa náà ní Nàìjíríà gba tiwa, bíi Táyé òun Kẹ́hìndé. Àsíá tuntun wà níwájú gbogbo ọ́fíìsì. Èmi ń ta abọ́ tánganran àti ìkòkò ní Nkembo, ìyàwó mi Ṣìfáwù sì lóyún àkọ́bí wa. Oyún náà pẹ́ kó tó dé. Ó ti ń rẹ àwọn tó ń bá wa ṣàdúà.

Nílé tiwa, bí ìwọ́ ọmọ bá ti já, wọ́n á gbẹ́lẹ̀, wọ́n á sin ín, wọ́n á sì gbin ọmọ igi obì lé e lórí. Igi yẹn ti di ti ọmọ náà nìyẹn. Tèmi wà lẹ́yìn ilé bàbá mi. Ẹni tó bá bi ọ́ pé níbo ni wọ́n sin ìwọ́ rẹ sí, kì í ṣe ìbéèrè kékeré ló bi ọ́. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá o ní ibi tí o ti wá ni.

Àwa tí a wà ní Libreville nígbà náà, kí là ń ṣe? Inú agolo pọ́dà là ń kó ìwọ́ ọmọ sí, a ó fún ẹni tó bá ń lọ sílé. Ìwọ́ ọmọ ọlọ́mọ á wà láàárín ẹja gbígbẹ àti bàtà àlòkù títí dé Èkó! Ṣìfáwù ní òun kọ̀ ọ́. Ó ní ọmọ tí òun bá bí síbí, ibí ni ìwọ́ rẹ̀ máa wà, kó má baà di àlejò nínú ilé tí wọ́n bí i sí. Ó ní kí ìyá mi fi ọmọ igi ránṣẹ́, àti pé abẹ́ igi obì tèmi gan-an ni kó ti hú u.

Mo ránṣẹ́, inú ìyá mi sì dùn. Nígbà tí ará ilé wa kan ń bọ̀, ó hú ọmọ igi kan tòun ti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, ó fi ewé wé e, ó gbé e sínú agbọ̀n. Ó ní kí wọ́n sọ fún mi pé igi tí kò bá bá erùpẹ̀ ilé rẹ̀ rìn, kò ní mọ ibi tó ti wá.

Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ àgbà ni? Ọ̀rọ̀ àgbà yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí!

Ọkọ̀ ńlá kì í sún mọ́ ilẹ̀ ní Libreville nígbà náà, ọkọ̀ kéékèèké ló máa ń lọ kó èrò àti ẹrù wá sí èbúté. Mo lọ pàdé agbọ̀n mi. Ọ̀rẹ́ mi Làmídì, ọmọ Nàgó láti Pobè ní Dàhòmì tó ń wa taksí, ló bá mi lọ. Àwọn dúwáánù, ìyẹn kọ́sítọ́ọ̀mù tiwọn, wo agbọ̀n náà, wọ́n ní kí n dúró, wọ́n lọ pe ọkùnrin kan wá.

Kakí! Kakí tí wọ́n lọ̀ débi pé etí rẹ̀ lè géni lọ́wọ́!

Ọmọ Gabon ni, kò jù mí lọ. Mùsíọ̀ Nzé ni wọ́n ń pè é. Òun ni wọ́n fi rọ́pò òyìnbó Faransé tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò tẹ́lẹ̀. Mo sọ ọ́ ní wolé-wolé igi nínú ọkàn mi. Bí mo ṣe ń wá ilé adìẹ kiri pẹ̀lú ojú ni ó béèrè pápíyè.

Mo yọ ìwé ìgbélùú mi. Ó mirí. Mo yọ ìwé owó orí. Ó mirí. Mo yọ káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, mo yọ ìwé yìgì èmi àti Ṣìfáwù. Làmídì ń wò mí bíi pé eyín ló kù tí n ó yọ.

Mùsíọ̀ Nzé ní kì í ṣe ìwé tèmi lòun ń béèrè. Ìwé igi ni.

Igi kẹ̀? Èmi tí mo jẹ́ ènìyàn, tí mo lẹ́nu tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀, ojú mi rí tó kí n tó gba tèmi!

Ó ṣàlàyé pé ilẹ̀ tí igi bá ti ń bọ̀ ni wọ́n á ti yẹ̀ ẹ́ wò, ìjọba ibẹ̀ á sì kọ ọ́ síwèé pé ara rẹ̀ le, kò gbé kòkòrò kankan bọ̀. Ó tú ewé náà, ó fọ́ ìṣù erùpẹ̀ ìyá mi láàárín ìka. Ìdin funfun kan yọrí níbẹ̀, ó ń jó. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìdin yẹn jó débi pé ojú tì mí fún gbogbo Ṣàgámù!

Ó ní ohun tí òfin sọ ni pé kí wọ́n sun ún. Àgbá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí iná wà nínú rẹ̀. Igi, ewé, erùpẹ̀, agbọ̀n, gbogbo rẹ̀ wọná lójú mi kòrókòró.

Kí ni èmi ọkùnrin ṣe? Mo ṣí fìlà, mo tẹrí ba, mo ní, "Mẹ̀sí bókù, mùsíọ̀."

Làmídì rẹ́rìn-ín láti èbúté dé ilé. Òun ló sì ròyìn fún Ṣìfáwù, n kò tíì jókòó.

"O ṣe kí ni?" Ṣìfáwù béèrè.

Mo ní mo dúpẹ́.

"Ẹni tó sun igi ọmọ rẹ lo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀? Bàbá ọmọ mi! Ká ní ilé ló fẹ́ sun ńkọ́? Ṣé ìwọ lo ò bá lọ ra kẹrosíìnì fún un?"

Làmídì ní ọ̀rọ̀ náà kò le. Ó ní òun mọ àwọn apẹja tó ń gba etí òkun wọlé láìfojú kan dúwáánù. Kí ìyá mi fi òmíràn ránṣẹ́, wọ́n á kó o sábẹ́ ẹja, ó parí. Orí ni mo ti ń mì pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí a bá gba ibẹ̀, èmi àti kakí kò tún ní pàdé mọ́, àbí?

Ṣìfáwù na ìka sí àwa méjèèjì. "Igi ọmọ mi kò ní yọ́ wọ̀lú bí olè. Ojú ọ̀nà ló máa gbà, ní ọ̀sán gangan, kí gbogbo ayé rí i. Ohun tó bá rá wọlé, ìgbà wo ló máa nàró?"

Làmídì mú kọ́kọ́rọ́ taksí rẹ̀, ó ní èrò ń dúró de òun. Irọ́ ni o, kò sí èrò kankan.

Kò pẹ́, Ṣìfáwù bímọ. Obìnrin! A sọ ọ́ ní Ràbíátù. Ìwọ́ rẹ̀ já, ìyá rẹ̀ fi òwú wé e, ó kó o sínú agolo pọ́dà, ó tì í mọ́ àpótí aṣọ. Àwọn àgbà wa bẹ̀rẹ̀ sí í yà sílé. Wọ́n ní ìwọ́ ọmọ kì í pẹ́ lókè ilẹ̀, wọ́n ní ká tètè fi ránṣẹ́ sílé kọ́mọ má di aláìnílé. Ṣìfáwù á kúnlẹ̀ kí wọn, á gbé oúnjẹ síwájú wọn, agolo náà kò ní kúrò nínú àpótí. Bí wọ́n bá lọ tán, á yíjú sí mi. Á kàn máa wò mí ni. Ojú yẹn burú ju kakí lọ!

Ojú yẹn ló lé mi dé ọ́fíìsì Mùsíọ̀ Nzé.

Mo dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ mi yà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ẹ̀pà. Mo jẹ ẹ̀pà tán, mo tún ra òmíràn. Obìnrin náà bi mí bóyá ẹ̀pà ni mo wá rà tàbí ọ́fíìsì ni mò ń ṣọ́. Ojú tì mí, mo wọlé tòun ti èèpo ẹ̀pà létè.

Mùsíọ̀ Nzé dá mi mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní ṣé èmi kọ́ lẹni tó dúpẹ́? Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti gbé òun síbẹ̀, wọ́n ti bú òun, wọ́n ti ṣépè fún òun, ṣùgbọ́n ẹnì kankan kò dúpẹ́ rí. Ẹ ò rí nǹkan? Ìbẹ̀rù náà máa ń la ọ̀nà nígbà míì!

Ó fi àga lọ̀ mí. Mo fi Faransé inú ọjà tí mo gbọ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún un, nípa ìwọ́, nípa igi, nípa agolo pọ́dà. Ó gbọ́ mi dáadáa. Ó ní lọ́dọ̀ tàwọn náà, wọn kì í sọ ìwọ́ ọmọ nù. Lẹ́yìn náà ló sọ tirẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní oko kòkó ní ọ̀nà Oyem, oko yẹn ló sì fi rán an níléèwé. Ó ní kòkòrò tó bá bá obì mi wọ̀lú lè ti ara obì bọ́ sára kòkó. Nígbà tí òyìnbó jókòó sórí àga yìí, bí kòkòrò bá wọlé, òyìnbó á di ẹrù rẹ̀, á máa lọ sílé.

"Èmi ńkọ́?" ló wí. "Níbo ni n ó lọ? Ilé bàbá mi ni kòkòrò á jẹ run."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Àṣé ẹ̀rù ń ba òun náà! Òun ń bẹ̀rù kòkòrò, èmi ń bẹ̀rù òun, kòkòrò nìkan lọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ó là á fún mi pé òun máa kọ́kọ́ kọ ìwé pé òun gbà kí igi náà wá. Màá mú un lọ sílé, àwọn àgíríìkì tiwa á yẹ igi wò, wọ́n á kọ tiwọn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n wẹ gbòǹgbò rẹ̀ mọ́ tónítóní, kí ẹyọ erùpẹ̀ kan má kù níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ti gbòmìnira, àbí? Ó dáa. Kí ọ̀gá ilẹ̀ tiyín kọ̀wé sí mi. Mo fẹ́ rí ìbuwọ́lù rẹ̀."

Kò sí ẹni tí mo lè fi irú iṣẹ́ yẹn rán. Mo wọkọ̀, mo lọ sílé fúnra mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ ìyá mi fún yín. Òun ni wọ́n ń pè ní àdúgbò wa láti wẹ ọmọ tuntun. Bó bá wẹ ọmọ tán, ọmọ náà á sùn bí ẹni tó ti oko dé. Inú rẹ̀ dùn láti rí mi, àfi ìgbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ gbòǹgbò.

"Wọ́n ní kí o kí ni?"

"Kí n wẹ̀ ẹ́, Ìyá mi. Kí erùpẹ̀ má kù síbẹ̀."

"Wẹ igi? Òkú ni wọ́n ń wẹ̀ kí wọ́n tó gbé e jáde nílé. Ṣé o fẹ́ kí n wẹ òkú fún igi ọmọ ọmọ mi ni?"

"Òfin ni, Ìyá."

"Òfin ta ni? Ta ló ní kí erùpẹ̀ ilé bàbá rẹ má bá ọmọ rẹ gbé?"

Ó kẹ̀yìn sí mi. Mo lọ jókòó sábẹ́ igi mi, ìwé Mùsíọ̀ Nzé wà lápò mi, ojú Ṣìfáwù wà lọ́kàn mi. Ọkùnrin tó wà láàárín òfin àti ìyá rẹ̀, ibo ló fẹ́ yà sí?

Bí mo ṣe wà níbẹ̀ ni wọ́n wá pe ìyá mi láti ilé kejì pé kó wá wẹ ọmọ. Ó lọ. Nígbà tó padà dé, ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù, iwájú ìró rẹ̀ ti rin. Ó dúró tì mí.

Ó béèrè ẹni tó ń wẹ Ràbíátù fún wa. Mo ní aládùúgbò kan ni. Ó ní ṣé ó mọ bí wọ́n ṣe ń na ọmọ lápá, na ọmọ lẹ́sẹ̀? Mo ní n kò mọ̀. Ó fi etí ìró nu ọwọ́ rẹ̀.

"Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú ìyá rẹ̀ bọ́, a kì í gbé e fún ará ìta láìwẹ̀ ẹ́," ló wí nígbẹ̀yìn. "Kì í ṣe pé inú ìyá rẹ̀ dọ̀tí. Bó ṣe yẹ ká fi ọmọ han ayé nìyẹn. Lọ bu omi wá. Kó lọ́wọ́ọ́wọ́."

Mo ní omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lè pa igi o. Ó ní láàárín èmi àti òun, ta ló ń wẹ ọmọ?

Mo hú ọmọ igi mìíràn lábẹ́ igi mi, omi tútù la sì padà lò. Ó jókòó sórí àpótí kékeré rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó tẹ́ ọmọ igi náà sórí ojúgun rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ọmọ tuntun. Ó mú kànìnkànìn tó rọ̀, ó ń wẹ gbòǹgbò yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ki oríkì ilé wa sí i, ó ń pè é ní Ràbíátù. Ọmọ ọmọ tí kò tíì fojú rí, tí kò tíì fọwọ́ kàn, ló ń wẹ̀ bẹ́ẹ̀. N kò lè wò ó tán. Nígbà tó mọ́ tónítóní, ó gbá igi náà mú nídìí, ó kù díẹ̀ kó jù ú sókè bí wọ́n ṣe ń ju ọmọ. Mo yára nawọ́ gbà á!

Ó da omi ìwẹ̀ náà sídìí igi tèmi. "Erùpẹ̀ ilé dúró sílé," ló wí. "Ọmọ ló ń lọ."

Ní ọ́fíìsì àgíríìkì ní Ìbàdàn, òyìnbó ni mo ti múra sílẹ̀ láti bẹ̀rù. Mo ti kó gbogbo "Yẹ́sà" tí mo mọ̀ jọ sẹ́nu. Mo ṣílẹ̀kùn, ẹni tó wà lórí àga ńlá yẹn, ilà ojú ló kọ gàdàgbà! Ó kí mi ní Yorùbá. Ó gbé awò tó ń sọ nǹkan di ńlá sójú, ó yẹ ewé wò, ó yẹ igi wò, ó yí gbòǹgbò síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó ní ta ló wẹ èyí, òun kò rí irú rẹ̀ rí. Mo ní ìyá mi ni. Ó fi èérún pákó tútù wé e, ó kọ̀wé, ó lu òǹtẹ̀. Òǹtẹ̀ Nàìjíríà. Mo wò ó títí tí ọ̀gá náà fi bi mí bóyá mo fẹ́ kí òun tún un lù.

Mo padà dé Libreville ní ọ̀sán gangan, bí Ṣìfáwù ṣe wí. Mùsíọ̀ Nzé ti wà ní èbúté. Ó gba ìwé náà, ó wò ó, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́! Mo ti ń fi ojú wá àgbá iná ọjọ́sí.

Ó dá a padà fún mi. Ó ní kí n kà á fóun.

Èmi? Èmi tí mo ka Sìtáńdáàdì Fóò, tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ nítorí pé hẹdimásítà ń wọ kakí? Àwọn dúwáánù yíjú sí mi, àwọn aláàárù gbé ẹrù wọn sílẹ̀. Làmídì dúró lẹ́yìn géètì, ó di irin mú bí ẹni tó wà lẹ́wọ̀n.

Mo kà á. Mo ń ka Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé ọjà. Mo ní ìjọba wa ní wọ́n ti yẹ igi yìí wò. Mo ní wọ́n ní ara rẹ̀ le, kò sí kòkòrò, kò sí àrùn, kò sí erùpẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi orúkọ Nàìjíríà, ohùn mi lọ sókè fúnra rẹ̀, n kò mọ ẹni tó rán an.

Mùsíọ̀ Nzé tú èérún pákó náà, ó wo gbòǹgbò pẹ́. Ó yọ òǹtẹ̀ tirẹ̀, ó lù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Òǹtẹ̀ ìlú tuntun méjì lórí ìwé igi obì kan! Lẹ́yìn náà ló gbé ìwé àti igi lé mi lọ́wọ́, ó ṣí fìlà kakí rẹ̀, ó tẹrí ba díẹ̀.

"Mẹ̀sí bókù, mùsíọ̀," ló wí.

Fọ́n-ọ́n-fọ́n-ọ́n ni Làmídì ń fun fèrè taksí láti èbúté dé Nkembo. Àwọn èèyàn ń yọjú, wọ́n rò pé ìyàwó la gbé. Ṣìfáwù wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ó tún wò mí. Ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ yẹn, ẹ̀yin èèyàn, bí mo bá kú, ẹ bá mi fi sínú pósí!

A gbẹ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà béèrè pé erùpẹ̀ ilé dà? Ṣìfáwù ṣí agolo pọ́dà náà, ó kó ìwọ́ ọmọ rẹ̀ sínú ihò. "Èyí ni ti ilé, bàbá," ló wí. A gbé igi lé e, a fi erùpẹ̀ Libreville bò ó.

Ó gbà! Mùsíọ̀ Nzé máa ń wá yẹ ewé rẹ̀ wò, títí tó fi di ẹni tí kì í kan ilẹ̀kùn mọ́. Lọ́dún tí igi náà kọ́kọ́ so, ó wọ aṣọ ilé wá. Mo la obì fún un, ó jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ kákò. Ó ní ṣé nítorí ohun kíkorò yìí ni gbogbo wàhálà yẹn?

Ràbíátù fúnra rẹ̀ ti di ìyá ọlọ́mọ báyìí. Faransé ló yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ, n kò níí purọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé ọmọ ibo ni, kì í jiyàn, á kàn mú un lọ sẹ́yìnkùlé. Ibi tí ẹlòmíì ń gbé fọ́tò ìgbéyàwó kọ́ sí ní pálọ̀, ìwé igi obì ló wà níbẹ̀ nílé tèmi, nínú dígí.

Ohun tí mo kọ́ kò pọ̀. Bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè ìwé, má kọ́kọ́ wá ibi tí wàá gbà sá. Béèrè ohun tí wọ́n ń fi ìwé náà ṣọ́. Ó lè jẹ́ oko bàbá ẹnì kan. Kí o sì jẹ́ kí ohun tìrẹ gba ojú ọ̀nà wọlé, kó lè nàró.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Níbo ni ìwọ́ àwọn ọmọ tí ẹ bí sí ìdálẹ̀ wà? Kí ni ẹ gbé ti ilé bọ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ yín, kí ni ẹ sì ṣe? Ẹ kọ ọ́ sí mi, ẹ má fi ìtìjú bò ó, ẹ ti gbọ́ tèmi.

Ẹni tó bá sì tún ṣa obì mi sápò, kó máa rántí dúpẹ́ kó tó lọ. Èmi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó sun tèmi!